Ìsinmi Tí Ẹ̀gbọ́n Rẹ Fi Ìwà Rà

Ayétòrò,
ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Fúnkẹ́ mi, Àbẹ̀kẹ́ ọmọ Tíṣà,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ara rẹ ti mọlé ní ibi tuntun yẹn? Èmi wà níbí, orúnkún ń dùn mí bí ó ṣe máa ń dun àgbà, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ orúnkún ni mo fẹ́ bá ọ sọ lónìí.

Nígbà tí o pè mí lórí fóònù pé wọ́n ti gbà ọ́ síṣẹ́ ní ọgbà tí wọ́n ń kó àwọn ọmọ tó bá rúfin sí, inú mi dùn, mo sì súre fún ọ. O ní ẹ̀ka tí wọ́n fi ọ́ sí ni ti àwọn tó ń fi ẹ̀bùn tún ìwà ọmọ ṣe. Ọmọ tó bá ṣe dáadáa, ẹ ó fún un ní máàkì. Bí máàkì bá pọ̀ tó, ọmọ náà á fi gba ohun tí ó fẹ́. Ò ń ṣàlàyé rẹ̀ fún mi bí ẹni pé n kò gbọ́ irú rẹ̀ rí, èmi náà sì ń ní "ẹn, ẹn" bí ẹni tí kò gbọ́ ọ rí lóòótọ́. Lẹ́yìn náà ni o wá sọ ọ̀rọ̀ kan tí kò jẹ́ kí n rí oorun sùn. O ní, "Bàbá, ká ní irú èyí wà nígbà tí Bọ̀ọ̀dá Délé wà ní àtìmọ́lé ni, bóyá wọn ì bá má bà á jẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́."

Fúnkẹ́, ó wà. Irú rẹ̀ gan-an wà níbẹ̀. Kì í ṣe àwọn ni wọ́n ba ẹ̀gbọ́n rẹ jẹ́. Èmi ni.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn yóò bá ọ lójijì. Mo bẹ̀ ọ́, má ká lẹ́tà yìí pọ̀ síbẹ̀. Kà á dé ìsàlẹ̀. N kò pè ọ́ lórí fóònù torí mo mọ ara mi. Bí mo bá gbọ́ ohùn rẹ, màá tún bẹ̀rẹ̀ sí í gé ọ̀rọ̀ náà kúrú. Nínú ìwé, ohun tí mo bá kọ ni mo kọ.

Kí o tó lè lóye ohun tí mo ṣe, o ní láti mọ irú bàbá tí mo jẹ́ kí wọ́n tó bí ọ. Ìwọ ni àbíkẹ́yìn, bàbá tó ti rọ̀ ni o bá. Délé kò bá bẹ́ẹ̀. Èmi ni ọ̀gá ilé-ìwé nígbà náà, gbogbo ìlú ń pè mí ní Tíṣà Àgbà, mo sì gbà pé pàṣán ló ń kọ́ ọmọ. Bí Délé bá ṣe àìdáa, pàṣán. Bí ó bá ṣe dáadáa, mo dákẹ́. Mo rò pé ìdákẹ́ mi tó ẹ̀bùn. Ní ọjọ́ kan, ó sáré wọlé láti ilé-ìwé, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kan ilẹ̀. Ó ṣe ipò kẹta. Ohun tí mo bi í ni pé, "Ta ló ṣe ipò kìíní?" Ó dárúkọ ọmọ náà. Mo ní, "Ṣé orí méjì ni òun ní ni?" Mo sì ń bá oúnjẹ mi lọ. Láti ọjọ́ náà, kò tún fi èsì ìdánwò rẹ̀ hàn mí mọ́. Ìyá yín ló máa ń bá a gbé e wá.

Àwọn àgbà ní bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ká fi ọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra. Èmi ni mo máa ń pa òwe yẹn fún àwọn òbí nígbà ìpàdé. Nínú ilé tèmi, ọwọ́ òsì nìkan ni mo ní.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn mi àkọ́kọ́ nìyí, Àbẹ̀kẹ́: kọ́ ojú rẹ láti máa rí rere. Àwọn ọmọ tí o bá nínú ọgbà yẹn, ojú tó ń wá àṣìṣe ni gbogbo ayé ti fi ń wò wọ́n láti kékeré. Bí ọmọ kan bá tẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ lónìí, tí kì í tẹ́ ẹ tẹ́lẹ̀, sọ fún un pé o rí i. Sọ ohun tó ṣe gan-an, má kàn ní "ọmọ dáadáa" kí o sì kọjá lọ. Sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀, kó má di ọ̀la. Yinniyinni kí ẹni ó lè ṣe òmíràn. Òwe yẹn ti wà nílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó lọ kọ́ iṣẹ́ yín ní yunifásítì.

Nígbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, Délé rí àwọn tó ń yìn ín. Àwọn ọmọkùnrin kan ni, tí wọ́n ń jí ọ̀kadà níhìn-ín, tí wọ́n ń gba ọ̀nà inú igbó kọjá sí òdìkejì ààlà lọ tà á. Ó mọ ọ̀kadà gùn ju gbogbo wọn lọ. Ó sọ fún ìyá yín lẹ́yìn náà pé ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni máa pàtẹ́wọ́ fún òun nìyẹn. Ọlọ́pàá mú un lọ́nà Ìwòyè-Kétu lórí ọ̀kadà tí ọkùnrin kan fi ń wá oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀. Àwọn yòókù sá wọ igbó.

Ní kóòtù, adájọ́ bi mí bóyá mo ní ọ̀rọ̀ láti sọ lórí ọmọ mi. Gbogbo òbí tó ti dìde ṣáájú mi ló bẹ̀bẹ̀. Èmi dìde, mo ká agbádá mi sókè, mo ní, "Olúwa mi, ẹ máa mú un lọ. Èmi kò bí olè." Délé ń wò mí. Òun kò sunkún, ìyá yín ló sunkún. Wọ́n rán an lọ sí ọgbà tí wọ́n ti ń tún àwọn tí kò tíì dàgbà ṣe.

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá bọ́, kì í ṣeé kó. Jọ̀ọ́, ọmọ mi, má ṣe fi orúkọ ẹ̀ṣẹ̀ pe ẹnikẹ́ni níbẹ̀, kódà nígbà tí o bá ń bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ ṣàwàdà. Ọmọ tí o bá pè ní olè láàárọ̀, kí ni yóò fi máàkì rẹ ṣe ní ọ̀sán? O ti sọ ibi tí o rò pé ó ń lọ fún un.

Ìyá yín ló ń lọ wò ó. Èmi kò lọ. "Ikú yá ju ẹ̀sín" ni òwe tí mo sọ di aṣọ ìbora nígbà náà. Nígbà tí ó bẹ̀ mí títí tí ẹnu rẹ̀ fi bó, mo tẹ̀lé e lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Níbẹ̀ ni mo ti pàdé Ọ̀gbẹ́ni Ìdòwú, ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà yìí. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ohùn rẹ̀ kò le. Ó ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ṣe é fún wa. Ọmọ tó bá jí lásìkò, tó wẹ̀, tó ṣe iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, tí kò bá ẹnikẹ́ni jà, yóò gba máàkì. Ó lè fi máàkì gba ọṣẹ olóòórùn dídùn, tàbí ẹran kún oúnjẹ rẹ̀, tàbí kí ó gbá bọ́ọ̀lù nírọ̀lẹ́, tàbí kí wọ́n jẹ́ kó bá àwọn ará ilé rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Èyí tó tóbi jù ni ìsinmi: ọmọ náà á lọ sílé ní àárọ̀ Sátidé, á padà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìsinmi. Ṣùgbọ́n òbí rẹ̀ gbọ́dọ̀ wá mú un fúnra rẹ̀.

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ọ̀gbẹ́ni, ẹran lẹ fi ń tan ajá yìí o. Ọmọ jalè, ẹ tún ń fún un lẹ́bùn. Àwọn tí kò jalè ńkọ́, kí lẹ fún wọn?"

Ó ní, "Ìbéèrè yẹn dára, Bàbá. Èmi náà máa ń bi ara mi."

"Kí wá ni ìdáhùn?"

"Wọ́n ti na àwọn ọmọ yìí kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa, sà. Wọ́n nà wọ́n nílé, wọ́n nà wọ́n ní ilé-ìwé, ọlọ́pàá tún nà wọ́n. Ká ní nínà ṣiṣẹ́ fún wọn ni, a kì bá tí mọ ara wa. N kò ní parọ́ fún yín, kò ṣiṣẹ́ fún gbogbo wọn. Ẹlòmíràn á ṣe dáadáa lójú mi, á ṣìkà lẹ́yìn mi. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ló ń bẹ̀rẹ̀ nítorí ẹ̀bùn, tí ìwà náà á sì mọ́ wọn lára nígbà tó bá yá."

Mo ní, "Àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ni." Mo dìde.

Délé ti jókòó jẹ́ẹ́ láti ìgbà tí a ti dé. Bí mo ṣe ń lọ, ó ní, "Bàbá, bí mo bá gba ìsinmi, ṣé ẹ máa wá mú mi?"

Mo ní, "Kọ́kọ́ gbà á ná."

Lójú mi, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Lójú ọmọ yẹn, ìlérí ni.

Láti ọjọ́ náà, ìyá yín sọ fún mi, Délé kò fi máàkì rẹ̀ gba ohunkóhun mọ́. Kò gba ẹran, kò gbá bọ́ọ̀lù, bẹ́ẹ̀ bọ́ọ̀lù ni ẹ̀mí rẹ̀. Ó ń tọ́jú wọn pa mọ́ fún ìsinmi. Wọ́n fi í sí ẹ̀ka káfíńtà, iṣẹ́ náà sì mọ́ ọn lọ́wọ́. Ní ọjọ́ kan, wọ́n ń du omi níbi ẹ̀rọ, ọmọ kan gbá a lẹ́nu pẹ̀lú ike omi. Ètè rẹ̀ bẹ́. Àwọn tó dúró níbẹ̀ ń pariwo pé kó gbẹ̀san. Ó kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, ó fi ọ̀kan di èkejì mú, kò sì nà án padà. Ìyá yín ń sọ ọ́ fún mi, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún. "Bàbá Délé, ọmọ yín kò jà! Ẹnu rẹ̀ wú, ṣùgbọ́n kò jà!"

Mo ní, "Ìyẹn nìkan kò sọ ọ́ di ènìyàn." Mo wọ yàrá lọ. Nínú yàrá, inú mi dùn, Fúnkẹ́. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, inú mi dùn. N kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i.

Níbi tí ọ̀rọ̀ dé yìí, mo fẹ́ kí o mú nǹkan méjì. Ọ̀kan ni pé kí o wá ohun tí ọmọ kọ̀ọ̀kan fẹ́ gan-an. Ohun tó ń wu ìwọ lè máà wu òun. Ẹlòmíràn wà tí ẹran lásán lè mú dìde. Ẹlòmíràn wà tó jẹ́ pé ohùn ìyá rẹ̀ nìkan ló lè gbé e. Kí o sì bẹ̀rẹ̀ láti kékeré, bí Ọ̀gbẹ́ni Ìdòwú ti ṣe, kí ọmọ tó ti rẹ̀ lè tètè rí i pé ọwọ́ òun to nǹkan kan. Èkejì, má fojú kéré ohun tí ìwà rere ń ná wọn. Adìyẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Kíkó tí Délé kó ọwọ́ sẹ́yìn yẹn, èmi tí mo jẹ́ alàgbà lónìí, n kò ṣe irú rẹ̀ rí.

Ó wá gbà á. Lọ́sẹ̀ náà, ìyá yín ti lọ sí Ifọ̀nyìntẹ̀dó, ó ń tọ́jú ìyá rẹ̀ tó ń ṣàìsàn, ó sì gbé ìwọ náà dání. O ṣì kéré. Èmi nìkan ni mo wà nílé. Ọ̀gbẹ́ni Ìdòwú pè mí. Mo gbọ́ ayọ̀ nínú ohùn rẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ọmọ yín ti gba ìsinmi. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ nínú gbogbo àwọn tí wọ́n jọ dé. Ẹ máa bọ̀ wá mú un ní àárọ̀ Sátidé."

Mo ní màá wá. Ìyá yín pè láti Ifọ̀nyìntẹ̀dó, mo ní, "Má da ara rẹ láàmú, mo ń lọ."

Ṣùgbọ́n ọjọ́ Ìsinmi yẹn gan-an ni ìjọ fẹ́ fi mí jẹ alàgbà. Àwọn àlejò ń bọ̀ láti Ìlaró, ilé wa ni wọn yóò ti jẹun ọ̀sán, àwọn kan nínú wọn kò sì mọ̀ pé mo ní ọmọ lẹ́wọ̀n. Mo ń rò ó: Délé á jókòó síbẹ̀, ẹnì kan á bi í pé, "Ilé-ìwé wo lo wà?" Ọ̀rọ̀ yẹn ló gba gbogbo ọkàn mi.

Mo wọṣọ ní àárọ̀ Sátidé. Mo dé gáréèjì. Ọkọ̀ tó ń lọ sí ọ̀nà ọgbà náà ń wá ẹnì kan ṣoṣo tí yóò fi kún. Bí mo ṣe ń lọ bá a, ọmọ ìjọ wa kan kí mi. "Tíṣà Àgbà, ibo lẹ forí lé láàárọ̀ yìí?"

Mo ní, "Ìlaró ni. Mo fẹ́ ra bàtà tí màá wọ̀ lọ́la."

"Ẹ kú oríire o! Ọkọ̀ Ìlaró ló wà níbẹ̀ yẹn."

Mo ti sọ pé Ìlaró ni mo ń lọ. Mo wọ ọkọ̀ Ìlaró. Bó ṣe rọrùn tó nìyẹn, ọmọ mi. Ẹnikẹ́ni kò tì mí.

Mo jókòó sí ṣọ́ọ̀bù oníbàtà kan, mo ń wọ èyí, mo ń bọ́ tọ̀hún. Fóònù mi dún. Mo rí i pé Ọ̀gbẹ́ni Ìdòwú ni. Oníbàtà ní, "Bàbá, fóònù yín ń dún." Mo ní kó jẹ́ kó dún. Nígbà tó tún dún, mo pa á. Mo ra bàtà dúdú kan, mo jẹun, mo padà sílé.

Ọ̀gbẹ́ni Ìdòwú ló sọ ìyókù fún mi, nígbà tí mo lọ síbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e láti lọ parọ́ pé ara mi ni kò yá. Ó ní Délé ti wẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ búlúù tí ìyá yín rà fún un. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì pẹ̀lú báàgì rẹ̀, àti àpótí ìjókòó kékeré kan tí ó kàn fún mi ní ẹ̀ka káfíńtà. Bí ọkọ̀ kan bá ti rọra, á dìde. Wọ́n gbé oúnjẹ ọ̀sán fún un, ó ní òun á jẹun nílé. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ti géètì, òun fúnra rẹ̀ ló dìde, ó wọlé, ó bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì náà.

Ọ̀gbẹ́ni Ìdòwú ń sọ ọ́ fún mi, kò gbé ohùn sókè. Ó wo ẹsẹ̀ mi. Bàtà tuntun yẹn ni mo wọ̀ lọ síbẹ̀, Fúnkẹ́.

Ó ní, "Èmi náà jẹ̀bi. N kò ronú ohun tí màá ṣe bí ẹ kò bá wá." Ó gbìyànjú láti fún Délé ní ìsinmi náà ní Sátidé mìíràn. Délé ní, "Ẹ fún ẹlòmíràn, sà." Kò jí lásìkò mọ́. Ó fi àpótí ìjókòó yẹn fọ́ fèrèsé, ó lu ọmọ kan nílùkulù. Wọ́n kò rí ohun tí wọ́n lè fi fà á mọ́, torí ohun kan ṣoṣo tí ó fẹ́ ti já a kulẹ̀. Nígbà tí àsìkò rẹ̀ pé tí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún un, kò wá sílé. Ó gba Ìwòyè-Kétu kọjá ààlà.

Mo sọ fún ìyá yín pé mo dé ọgbà náà, àwọn ọ̀gá ibẹ̀ ló yí ohùn padà. Ó kúnlẹ̀ sí àárín ilé, ó ṣépè fún Ọ̀gbẹ́ni Ìdòwú. Mo gbọ́. Mo dákẹ́. Délé kò gbà kí ìyá yín rí òun mọ́ nígbà tó bá lọ wò ó, ìyá yín náà kò sì bá àwọn ará ọgbà sọ̀rọ̀ mọ́. Láti ìgbà náà ni a ti ń sọ nínú ilé yìí pé ọgbà ló ba Délé jẹ́, inú irọ́ yẹn sì ni ìwọ dàgbà sí.

Nítorí náà, gbọ́ mi dáadáa, ìwọ tí ọwọ́ rẹ fẹ́ di ọwọ́ tó ń pín ẹ̀bùn. Gbèsè ni ìlérí. Bí o bá sọ fún ọmọ pé báyìí ni yóò rí, kí ó rí bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ tí o dá. Bí kò bá dá ọ lójú, má sọ ọ́. Ọmọ tí kò gba ìlérí rí sàn ju èyí tí ó gbà á, tó ṣiṣẹ́ fún un, tí kò rí i.

Ohun tí ọmọ bá ti fi ìwà gbà, tirẹ̀ ni. Má gbà á padà nítorí pé ó bí ọ nínú lónìí. Ẹ̀ṣẹ̀ òní, bá a wí lé e lórí lọ́tọ̀. Má sì jẹ́ kí ẹ̀bùn máa lọ sọ́dọ̀ ọmọ tó mọ ọ̀rọ̀ dídùn sọ tàbí tó ń wá ṣòfófó fún ọ. Àwọn yòókù á rí i, wọn á sì mọ̀ pé kì í ṣe ìwà lẹ ń rà.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé kí o wo ẹni tí ẹ̀bùn náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọwọ́ mi ni wọ́n fi ẹ̀bùn Délé sí, ọwọ́ mi sì jò. Irú mi pọ̀ láàárín àwọn òbí. Lọ bá wọn nílé. Jókòó tì wọ́n, jẹ́ kí wọ́n bú ọ bí wọ́n bá fẹ́. Bí ọjọ́ bá sì pé tí bàbá kan kò wá, má jẹ́ kí ọmọ náà wọlé bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì. Bí òfin bá gbà fún ọ, mú un lọ sí oríta, kí ẹ jọ mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò, kí ó rí ìgboro. Kó ṣáà rí i pé ohun tí òun ṣe kò ṣòfò.

Ó kù díẹ̀. Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, ọkùnrin kan tó ń ta pákó ní Ìwòyè-Kétu sọ fún mi pé òun mọ káfíńtà kan ní òdìkejì tí iwájú orí rẹ̀ jọ tèmi. N kò sọ fún ìyá yín. Mo lọ. Ọmọ iṣẹ́ kan ló kọ́kọ́ rí mi, ó pe ọ̀gá rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń pè é lọ́hùn-ún, ó ní, "Pàtírọ̀n, ẹ ní àlejò." Délé yíjú. Ó ti ní irùngbọ̀n. Ó gbé àga, ó nù ún, ó ní, "Ẹ káàbọ̀, sà." Kò pè mí ní Bàbá. Mo fẹ́ kúnlẹ̀, ó di apá mi mú. "Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, sà. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ń wò."

Mo tọrọ àforíjì. Ó gbọ́ ọ tán. Ó ń fi ọwọ́ gbá èérún pákó kúrò lórí tábìlì. Ó ní, "Kí lẹ sọ fún Màmá nígbà náà?"

Mo sọ fún un.

"Ṣé ohun tí wọ́n ṣì gbàgbọ́ nìyẹn títí di ìsinsìnyí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Fúnkẹ́ ńkọ́?"

"Òun náà."

Ó wá ní, "Mo ní ọmọbìnrin kan, ọmọ ọdún mẹ́rin ni. Bí ẹ bá lè sọ ohun tí ẹ ṣe fún àwọn méjèèjì, láì yọ ọ̀kan kúrò, màá mú un wá kí ẹ rí i. Bí ẹ kò bá lè sọ ọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wá síbí mọ́."

Mo padà sílé, n kò sì sọ ọ́. Òjò bẹ̀rẹ̀, àgbàdo gbó, n kò sọ ọ́. Ìgbà tí o pè mí ni mo tó mọ̀ pé bí n kò bá sọ ọ́, irọ́ mi ni o máa gbé lọ síbi iṣẹ́.

Ọjọ́bọ̀ ni mo sọ fún ìyá yín. Ó ń ṣa ẹ̀wà. Kò pariwo. Ó ní, "Mo ṣépè fún ọmọ ọlọ́mọ."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ẹ sì jókòó, ẹ gbọ́."

"Mo gbọ́."

Ó ṣa ẹ̀wà náà tán. Ní ọjọ́ kejì, ó di ẹrù, ó lọ bá Délé. Ó ní kí n má tẹ̀lé òun. Kí n lọ wá Ọ̀gbẹ́ni Ìdòwú níbikíbi tó bá wà, kí n bẹ̀ ẹ́ fún òun àti fún ara mi. Mo ti ń wá a. Ìyá yín kò tíì pè láti ìgbà tó ti lọ, n kò sì bínú.

O máa sọ pé nítorí kí n lè rí ọmọ-ọmọ mi ni mo ṣe kọ lẹ́tà yìí. Òótọ́ ni, n kò ní fi pa mọ́. Láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá ni ẹ̀rí ọkàn mi ti ń nà mí ní pàṣán, n kò mira. Ọmọ kékeré tí n kò rí rí ni ó gbé mi dìde lórí àga. Mo wá mọ̀ nísinsìnyí pé kì í ṣe ẹran ni Ọ̀gbẹ́ni Ìdòwú fi ń tan ajá. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe kọ ọ́ dé ibi Ìlaró yẹn, mo gbàgbé ẹ̀bùn. Mo kàn fẹ́ kí o mọ̀ ni. Bí Délé bá yí ọkàn rẹ̀ padà lọ́la tó ní òun kò mú ọmọ náà wá mọ́, n kò ní sọ pé mo kábàámọ̀ pé mo kọ ọ́. Nítorí náà, má ṣe kẹ́gàn ọmọ tó ń hùwà rere torí kó lè rí nǹkan gbà. Jẹ́ kó máa bọ̀. Máa wá ọjọ́ tí yóò gbàgbé láti bi ọ́ pé kí ni òun máa gbà. Ọjọ́ náà ni kí o dúpẹ́.

Pe ìyá rẹ kí o tó pè mí. Bí o bá fẹ́ bínú, bínú. Má fi ara rẹ ṣe ọmọlúàbí nítorí mi. Bí o kò bá sì fẹ́ pè mí fún ìgbà díẹ̀, ṣe iṣẹ́ rẹ dáadáa, ìyẹn náà á dé etí mi.

Ọlọ́run á fún ọ ní ojú tó ń ríran rere, á fún ọ ní ọwọ́ tí kì í jò. Àwọn ọmọ ọlọ́mọ tí o bá níbẹ̀ kò ní ṣìnà mọ́ ọ lọ́wọ́.

N kò mọ orúkọ tí o máa pè mí lẹ́yìn èyí. Èyí tí o bá pè, màá jẹ́ ẹ.

Èmi ni,
bàbá rẹ.